Alùpàyídà Orí Ilẹ̀ Ògúndélé

Bí wọ́n bá ní kí a fa ẹnìkan kalẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò tó mọ ìbínú í tọ́jú, Àṣàbí ni a ó fà kalẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa bínú títí di alẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti gbàgbé. Ti Àṣàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti gbé ìbínú Fákáyọ̀dé sáyà, kò jẹ́ kí ó bu, kò jẹ́ kí ó tutù. Eléwéọmọ ni, ewé àti egbò ló ń tà ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọjà. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, bí ìdí bá ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ẹnu rẹ̀ sì dùn mọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ Fákáyọ̀dé ní ìsọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ á dá gùdẹ̀, á tutọ́ sílẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Fákáyọ̀dé ni ẹ̀gbọ́n Ògúndélé, ọkọ Àṣàbí tó ti di olóògbé. Ògúndélé ní ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí koríko pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ ń ro ó. Iṣu wà níhìn-ín, ẹ̀gẹ́ wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ láìro fún ewé tí Àṣàbí ń já tà. Nígbà tí Ògúndélé kú, ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí Fákáyọ̀dé fi wọlé tọ opó lọ, ó ní níwọ̀n ìgbà tí Ògúndélé kò ní àbúrò, òun ló kàn láti ṣú u. Àṣàbí ní ọkọ kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Fákáyọ̀dé kò bá a jà. Ó rọra dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Kò burú, ìyàwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ igi, kò yẹ kó máa jókòó lábẹ́ ibòji rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó kó ènìyàn wọ oko, wọ́n wú iṣu Àṣàbí lójú rẹ̀, iṣu tí kò tíì gbó. Wọ́n ní kó má tẹ ilẹ̀ náà mọ́, ìbáà ṣe ewé lásán ló fẹ́ já. Àwọn àgbà ẹbí jókòó lé e lórí, wọ́n ní obìnrin tí kò bímọ fún ọkọ, kí ni yóò fi di ilẹ̀ ọkọ mú? Ọ̀rọ̀ yìí dun Àṣàbí ju ti iṣu lọ. Òun àti Ògúndélé ló jọ sunkún àìrọ́mọbí, wọ́n sì jọ nu ojú ara wọn nù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i létí rí nígbà tí ọkùnrin náà wà láyé. Ọjọ́ náà ló búra nínú ara rẹ̀ pé Fákáyọ̀dé kò ní jẹ èrè ilẹ̀ yẹn láéláé.

Àwọn aládùúgbò sọ fún un pé ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Ó dá wọn lóhùn pé òun gan-an ni òun ń ṣe sùúrù, pé kí wọ́n máa wò.

Kò kúkú ní ohun ìjà. Ọdún ń gorí ọdún, Fákáyọ̀dé ń sanra. Nígbà tó yá, ìròyìn kan wọ̀lú pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fẹ́ gba ilẹ̀ náà fún ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Láti ọjọ́ náà ni Fákáyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ń fi àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì hàn ènìyàn lórí fóònù, ó ní irú èyí ni òun fẹ́ kọ́. Lọ́jọ́ tí Àṣàbí gbọ́, ó pa ìsọ̀ rẹ̀ dé kí ọjà tó tú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Ooreolúwa dé. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì ni, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ti kún bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àṣàbí ní ìsọ̀, ó wá na fóònù sí i. Àwòrán òdòdó kan ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣé ẹ mọ èyí?"

Ẹ̀rín pa Àṣàbí. Ta ni kò mọ alùpàyídà? Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ìlà funfun láàárín. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, òdòdó rẹ̀ á nà sókè, aláwọ̀ àlùkò, á rí múlọ́múlọ́ bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Láti Masifa títí dé Isundunrin, ẹ̀bá ọ̀nà ló ń hù sí. Kò sí eléwéọmọ tí kì í ní in nínú igbá.

"Ó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní," ni Àṣàbí wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀ ni, Ìyá," ni Ooreolúwa wí, òun náà rẹ́rìn-ín. "Ìwé kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń kọ. Gbogbo ewéko ló ní ipò tirẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn kan ti kú tán, wọn ò sí láyé mọ́. Àwọn kan ń ṣàìsàn. Àwọn tó kù, ara wọn le. Alùpàyídà, ara le ni wọ́n kọ sí i ní agbègbè yìí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Èmi ni wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀."

"Bí ara rẹ̀ ò bá wá le mọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ibi tó bá ṣẹ́kù sí, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi katakata kàn án. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ń bọ̀ yìí, àwọn òyìnbó ló fẹ́ fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn yẹn sì ti sọ pé àwọn ò bá wọn dá sí ilẹ̀ kankan tí ewéko tó ń parun bá wà lórí ẹ̀."

Ọwọ́ Àṣàbí dúró lórí ewé tó ń dì. "Wọ́n á wá fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀?"

"Wọ́n á fi í sílẹ̀, Ìyá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó lè jẹ́ títí èmi náà á fi darúgbó."

Ooreolúwa na àwòrán agbègbè náà sí i. Àmì pupa mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ibi tí àwọn tó wá lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti rí òdòdó náà. Ó ní òun máa padà wá lẹ́yìn ọdún Ògìyán, ìyẹn ọdún òrìṣà ìlú, ní oṣù méjì sí i, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tanná, òun á sì wo ibi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó bẹ Àṣàbí pé kó jọ̀ọ́ kó mú òun rìn. Àṣàbí ń fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè orúkọ ibi tí wọ́n wà. Ìkẹsàn-án wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lórí ilẹ̀ Ògúndélé.

Inú ẹni ni orúkọ tí a fẹ́ sọ ọmọ ẹni ń gbé. Àṣàbí gbà láti mú un rìn. Ó súre fún ọmọ náà, ó fún un ní ewé efinrin díẹ̀ fún ọbẹ̀, ó sì sìn ín dé títì. Nígbà tó padà dé ìsọ̀, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Bí òdòdó náà bá tán ní ibi mẹ́jọ, tó wá ku ilẹ̀ Fákáyọ̀dé nìkan, ta ni yóò tún fi katakata kàn án? Fákáyọ̀dé á jókòó ti ilẹ̀ tí kò lè tà, tí kò lè ro, á máa wo òdòdó títí ojú rẹ̀ á fi fọ́. Inú Àṣàbí dùn débi pé ó fún oníbàárà tó tẹ̀ lé e ní ewé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn eléwéọmọ ní òfin kan tí ìyá fi ń kọ́ ọmọ: ewé là á já, a kì í hú gbòǹgbò ohun tó ń bọ́ni. Ogójì ọdún ni Àṣàbí ti fi pa òfin yìí mọ́, ó sì ti lé ọmọṣẹ́ méjì dànù nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ́ kékeré, ó gba Masifa lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú gbòǹgbò. Gbòǹgbò alùpàyídà le, ó máa ń di ilẹ̀ mú. Bó bá ti kó ọkọ́ sí i nídìí, á pe orúkọ: "Fákáyọ̀dé." Bó bá fà á yọ, á gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, á jù ú sójú oòrùn, á tún sún mọ́ èyí tó kàn: "Fákáyọ̀dé." Ó dùn mọ́ ọn. Kò sí oúnjẹ tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kì í ṣe irin. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní Masifa, ibi méjì péré ló sì tán. Nígbà tó dé Isundunrin, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀gbẹ́ níbi tó ti ń hú u. Obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń kọjá dúró, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ ń hú lójú oòrùn báyìí?"

Àṣàbí kò ronú jìnnà. "Alùpàyídà ni," ló wí. "Ó ti yàtọ̀ lọ́dún yìí o. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́, oyún á wálẹ̀ lára ẹ̀ ni. Mo ní kí n bá yín kó o kúrò."

Kò ṣe obìnrin náà bí eré rárá. Ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta nílé, méjì lóyún. Kò tilẹ̀ dé oko mọ́, ó ṣẹ́rí padà lọ pe ọkọ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí ọjà mìíràn tó pé, gbogbo ẹni tó ní ewúrẹ́ ní Isundunrin ti ń ro ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn kan lo ọkọ́, àwọn kan da oògùn apakoríko sí i, àwọn tó ń gun ọ̀kadà sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé abúlé tí Àṣàbí kò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló sọ ọ́, wọ́n á ní ìyá eléwéọmọ ti Ẹ̀jìgbò ni. Ẹnikẹ́ni kì í tún bá a jiyàn.

Àṣàbí fi ọkọ́ rẹ̀ pamọ́. Ó ní ẹnu òun ti ń bá òun roko.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni Sọ̀fíyátù, eléwéọmọ bíi tirẹ̀. Ìsọ̀ òun àti Àṣàbí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti gbé Abidjan fún ogún ọdún kó tó padà wálé, èdè ibẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ti oko ewé dé, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ìyá ọlọ́mọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè alùpàyídà lọ́wọ́ Àṣàbí, Àṣàbí sì ti dá a lóhùn pé kò sí, láìgbé ojú sókè.

"Mo rìn títí, n ò rí ẹyọ kan," ni Sọ̀fíyátù wí nígbà tí ìyá ọlọ́mọ náà lọ tán. "Sẹ fíní. Ó ti tán nílẹ̀. Wọ́n ní ìwọ lo sọ fún wọn pé ó ń ṣẹ́ oyún ewúrẹ́. Àṣàbí, ìgbà wo ni ewé tá a fi ń tọ́jú ọlọ́mọ wá di májèlé?"

Àṣàbí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bó ti ń rò ó ni ojú rẹ̀ ń tàn.

Sọ̀fíyátù gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ewé ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Ewé kọ́. Ṣùgbọ́n òun ni ohun ìjà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́."

"Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀ o. Orúkọ a sì máa ro nǹkan. Alùpàyídà lo mú dání yẹn. Ṣé o mọ ohun tó máa yí padà dà sí ọ lọ́wọ́?"

"Kó yí padà di ejò," ni Àṣàbí wí, "bó bá ṣáà ti bu Fákáyọ̀dé jẹ." Sọ̀fíyátù kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Àṣàbí kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wo ilẹ̀ Ògúndélé láti ojú títì, láìtẹ ibẹ̀. Ó rí alùpàyídà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bo apá tí wọ́n fi sílẹ̀ láìro, ó ń tanná lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀ pé Fákáyọ̀dé ń sin ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ilé ní Ẹ̀jìgbò ló so wọ́n mọ́, wọn kì í dé oko. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí koríko tí wọ́n ń jẹ ti ń wá. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkùnrin náà wà, kì í béèrè ìròyìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ tán fún òun. Ẹni tó kórìíra ènìyàn tó báyẹn, kò lè mọ ohun tí onítọ̀hún ń gbé sẹ́yìn alùpùpù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ọdún Ògìyán kọjá, Ooreolúwa padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn. Ní Masifa, wọn kò rí nǹkan kan. Ní Isundunrin, ilẹ̀ tí oògùn ti jó ni wọ́n bá. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí àmì wà, Ooreolúwa á wo fóònù, á wo ilẹ̀, á tún lọ yí ká bóyá òun ṣi ibẹ̀ ni. Ní ibi kẹjọ, ó jókòó sórí òkúta, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

"Ìyá, ẹ sọ fún mi pé ó pọ̀," ló wí. "Oṣù méjì péré ni."

"Bí ayé ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi," ni Àṣàbí wí. Àánú ọmọ náà ṣe é díẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àánú náà kò tó ìdajì ayọ̀ tó ń hó nínú rẹ̀. "Dìde. Ó ku ibì kan."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ aṣọ òkè tí Ògúndélé rà fún un kó tó kú. Ó fẹ́ kí Fákáyọ̀dé rí i nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń jáde lẹ́nu Ooreolúwa. Wọ́n gun ọ̀kadà, àwọn méjèèjì lẹ́yìn ẹnìkan, wọ́n gba ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Àṣàbí tẹ ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ó gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá kíákíá, Ooreolúwa ń tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti fi ọkọ́ yí i, eérú dúdú sì wà ní òkìtì mẹ́ta níbi tí wọ́n ti dáná sun nǹkan. Alùpàyídà kò sí níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹyọ kan.

Ibẹ̀ ni Fákáyọ̀dé ti jáde láti abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó rí wọn, ó wo Àṣàbí dáadáa, ó sì ya apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ọmọ mọ́ra.

"Ìyàwó wa," ló wí. "Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi wá sí ìsọ̀ ẹ, ojú ló ń tì mí. Ìwọ lo kọ́kọ́ wá yìí, o ṣeun. Bí kì í bá ṣe tìẹ, ewúrẹ́ mi ì bá ti bàjẹ́ tán."

Àṣàbí bojú wo ibi tí òdòdó ti wà.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gé koríko níbí lọ fún wọn nílé," ni Fákáyọ̀dé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó kọjú sí Ooreolúwa. "Méje nínú wọn lóyún. Bí mo ṣe gbọ́ nípa ewé burúkú yẹn, mo béèrè pé ta ló sọ ọ́. Wọ́n ní ìyàwó àbúrò mi ni, eléwéọmọ. Mo ní bó bá jẹ́ òun ni, òótọ́ ni, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ewé tó o nílùú yìí. Ọjọ́ kejì ni mo kó ènìyàn wá, wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a sun ún. Márùn-ún ti bí báyìí, ìbejì ìbejì."

Ooreolúwa yíjú sí Àṣàbí. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ń ṣẹ́ oyún ewúrẹ́?"

Àṣàbí ronú kíá. Ó lè jẹ́wọ́ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, Fákáyọ̀dé á béèrè ìdí, á sì gbọ́ pé ilẹ̀ yìí ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé ọwọ́ Àṣàbí gan-an ló gbà á padà fún òun. Ọkùnrin náà á fi rẹ́rìn-ín títí wọ inú ilẹ̀. Nítorí náà ó dákẹ́, ó ń wo eérú.

Ooreolúwa yọ ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òdòdó náà kò sí mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Lábẹ́ rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó pa á run. Ó dúró síbẹ̀, bírò lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tutù nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sì pe Àṣàbí ní ìyá mọ́. "Kí lorúkọ yín ní kíkún?"

"Àṣàbí Ògúndélé," ni Fákáyọ̀dé dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Ìyàwó ilé wa ni. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí wọ́n mọ̀ ọ́n dé òkè òkun."

Ooreolúwa kọ ọ́, ó sì kọrí sí títì láìwẹ̀yìn.

Fákáyọ̀dé kò jẹ́ kí Àṣàbí tẹ̀ lé e. Ó ní ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ yìí, pé ìjà ẹbí ti parí, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé, òun sì fẹ́ kó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun lọ́jọ́ náà. Ó tú abo ewúrẹ́ kan tó so mọ́ ẹ̀yìn àtíbàbà, ó fi okùn rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì wúre fún un, ìwúre gígùn tó ti inú ọkàn wá, omi sì lé ròrò sí ojú ọkùnrin náà. Àṣàbí dúró sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi parí. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ohun tí Fákáyọ̀dé kò ní gbàgbé mọ́ ọn lára. Ó ti rí i. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá kù fún ọkùnrin náà láyé, yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.